Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ Tí Deborah Fi Lé Ìyá Ọkọ Rẹ̀ Jáde

Bí ẹ bá ń wá ìtàn obìnrin tó sunkún títí tí gbogbo ayé fi dárí jì í, ẹ ṣí ojú ewé mìíràn. Deborah, ìyàwó Zinsu ní Badagry, kò sunkún níwájú ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣe burú, òun náà sì mọ̀ pé ó burú. Àmọ́ lọ́jọ́ tó fẹ́ sọ ọ́ jáde, àwọn tó ní kó pa ẹnu mọ́ pọ̀ ju àwọn tó ní kó sọ̀rọ̀ lọ. Ojú gbogbo wọn ló ti sọ ọ́.

Ìjọba òyìnbó ṣì wà lórí oyè nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òmìnira ti wà lẹ́nu tẹrú tọmọ. Zinsu ń ra àgbọn gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní kópúrà lọ́wọ́ àwọn ará etí òkun, ó sì ń kó o ránṣẹ́ sí Èkó. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà. Ó ní ẹ́ńjìnnì iná tirẹ̀, ohun tí ilé tó ní in nílùú náà kò pọ̀ rárá.

Ìyá Zinsu ń bá wọn gbé. Ìyá Ìbejì ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí Zinsu àti Sagbo ni ó bí pọ̀. Sagbo dúró sí Gberefu ní òdìkejì ọ̀sà, ó ń pẹja. Ìyá ní tirẹ̀ kò fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí Sagbo bá ti fi ẹja ránṣẹ́ gba orí ọ̀sà wá, ààrò ẹ̀yìnkùlé ni ìyá máa ń jókòó tì, tí yóò máa yan ẹja títí oòrùn yóò fi rọ̀.

Ọmọ olùkọ́ ìjọ ni Deborah, òun ló bí Sewanu, ọmọbìnrin wọn. Ó kàwé, ó mọ aṣọ rán, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òórùn ẹja yẹn ń dùn ún lọ́kàn ju bó ṣe ń rùn sí i nímú lọ.

Ní ọ̀sán kan tí ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé nílé rẹ̀, ìyàwó alága ìjọ yọ aṣọ ìnujú, ó fi bo imú, ó ní, "Ìyá Sewanu, ẹ má bínú o. Ṣé inú ilé ni wọ́n ti ń yan nǹkan ni?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Deborah náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mákánjú dé láti Èkó. Kóòtù funfun ló wọ̀, bàtà rẹ̀ ń dán, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Àpótí onígi kan ló gbé sórí tábìlì pálọ̀. Nígbà tó so wáyà rẹ̀ mọ́ iná, ìgò tó wà nínú rẹ̀ tàn bí ojú ọ̀run ọ̀sán, ó sì ń kùn bí oyin. Òórùn kan jáde, òórùn tó mú, bí ìgbà tí mànàmáná ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tí òjò kò tíì rọ̀.

"Kí lèyí?" Deborah bi í.

"Ẹ̀rọ tí ń fọ afẹ́fẹ́ ni, màdáámù. Bí ẹ ṣe ń fọ aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fọ ohun tí ẹ ń mí sínú. Osóònù ni orúkọ ohun tó ń tú jáde. Òun ló ń pa ìdọ̀tí, òun ló ń pa àìsàn, òun ló ń pa òórùn. Kò sí ilé òyìnbó gidi kan ní Ìkòyí tí kò ní in."

"Òórùn èyíkéyìí?"

Mákánjú wo ìhà ẹ̀yìnkùlé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Pàápàá jù lọ irú ti ẹ̀yìn yẹn."

Ibẹ̀ ló ti mú un. Ká tó jẹun alẹ́ ọjọ́ náà, Deborah ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ rẹ̀, Zinsu sì rà á.

Àti pé lóòótọ́, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ lójú wọn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Deborah kò gbóòórùn ẹja mọ́. Kò gbóòórùn kópúrà láti inú ilé ìkẹ́rùsí. Ẹgbẹ́ tún padà wá ṣe ìpàdé, kò sẹ́ni tó yọ aṣọ ìnujú. Ìyàwó alága fúnra rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó ní ó dà bíi pé òun wà lórí òkè.

Inú Deborah dùn débi pé ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Nígbà tí Mákánjú padà wá, tó ní òun fẹ́ kí Zinsu máa bá òun ta ẹ̀rọ náà ní gbogbo agbègbè Badagry, Deborah ló kọ́kọ́ dáhùn.

"Èmi ni n óò máa bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀," ó ní.

Mákánjú ní fún ilé tí kò ní ẹ́ńjìnnì, irú kan wà tó ń lo bátìrì ọkọ̀, pé kí wọ́n máa gbé bátìrì náà wá gba iná lọ́dọ̀ Zinsu. Zinsu gba bẹ́ẹ̀. Ó ti ń rí ara rẹ̀ ní kóòtù funfun tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ikọ́ gbígbẹ ni, tó ń bẹ̀rẹ̀ tí ìyá bá ti jókòó ní pálọ̀ díẹ̀. Ojú rẹ̀ a máa ta á, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ a máa yún un. Lọ́jọ́ kan ó na ọwọ́ sí àpótí náà.

"Deborah, nǹkan yìí ń jẹ mí láyà. Pa á."

"Ìyá, èéfín yín ni. Láti ìgbà tí ẹ ti wà lọ́mọdé lẹ ti ń fa èéfín. Ẹ̀rọ yìí ń fọ̀ ọ́ jáde ni."

"Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni mo ti ń fa èéfín, n kò wúkọ́ rí. Mo wúkọ́ nígbà tí èyí dé. Èwo nínú méjèèjì ni kí n dá lẹ́bi?"

Dípò kí Deborah pa ẹ̀rọ náà, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni èyí tí kò lè kó padà mọ́.

"Ìyá, tí kì í bá ṣe òórùn tí ẹ̀ ń kó wọlé, a kì bá tí ra ẹ̀rọ kankan."

Ìyá wò ó. Kò pariwo, kò ṣépè fún un. Ó wọ yàrá lọ, ó di ẹrù rẹ̀. Nígbà tí Zinsu dé, ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà, ó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e sọdá sí Gberefu. Zinsu ní kó ṣe sùúrù. Ìyá ní sùúrù òun pọ̀, àyà òun ni kò pọ̀ tó o. Zinsu bá a gbé ẹrù sínú ọkọ̀. Kò bi ìyàwó rẹ̀ ní ìbéèrè kankan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Fàúsátù wá. Ọ̀rẹ́ Deborah ni láti kékeré, ó sì ní ikọ́ fée. Ọyẹ́ kì í bá a ní ìrọ̀rùn, eruku díẹ̀ lè mú kó máa mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ yín ń wo àyà sàn," ó ní. "Ìyá Sewanu, ìwọ ni mo bi, n kò bi ọkùnrin Èkó yẹn. Ṣé kò ní pa àyà mi lára?"

Ẹ dúró níbí, ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí ibí ni ẹ̀bi náà wà. Ikọ́ Ìyá Ìbejì ṣì wà létí Deborah bí ẹni pé yàrá kejì ló ti ń dún. Ó lè sọ pé òun kò mọ̀. Ó lè sọ pé kó dúró ná.

"Á wò ó sàn," Deborah ní. "Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ ni kó o gbé e sí, kó o ti fèrèsé kí agbára rẹ̀ má bàa jáde."

Fàúsátù ra ẹ̀rọ oníbátìrì, ó sì dì mọ́ Deborah, ó dúpẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan inú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lọ́nà tí kò yé ẹnikẹ́ni. Aṣọ aláró tí Deborah ta sójú fèrèsé, èyí tó dúdú mininjọ, ṣá bí aṣọ tó ti pẹ́ lóòrùn, bẹ́ẹ̀ oòrùn kò dé ibi tó wà. Rọ́bà ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì Sewanu sán bí koríko gbígbẹ. Táyà kẹ̀kẹ́ Zinsu, tó máa ń gbé tì sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, là yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Òdòdó inú ìkòkò tó wà lórí àtẹ̀gùn rọ, ewé rẹ̀ ní àmì funfun tótòtó bí ẹni tí eéru ta sí lára.

Deborah kó aṣọ náà, rọ́bà náà àti táyà náà sínú àpótí aṣọ rẹ̀, ó tì í pa. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun fi táyà tọrẹ.

Ó bi Mákánjú ní ìdákọ́ńkọ́.

"Ìdọ̀tí àtijọ́ ló ń jáde lára nǹkan," Mákánjú ní. "Ẹ yí i sókè. Òórùn mímú tí ẹ̀ ń gbọ́ yẹn, òórùn àlááfíà ni."

Deborah yí i sókè. Ó ti fèrèsé. Ó fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ ni, torí tí kì í bá ṣe òótọ́, kí ni ó lé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ fún?

Sewanu wá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan Sagbo kó àgbọn wá láti Gberefu. Ó gbọ́ ikọ́ ọmọ náà, ó sì dáwọ́ dúró.

"Ikọ́ ìyá wa nìyẹn," ó ní.

"Ṣé ìyá ṣì ń wúkọ́?" Deborah bi í.

"Láti ìgbà tó ti sọdá, kò wúkọ́ mọ́. Ìdí ààrò ló sì ń wà láti àárọ̀. Ẹja àwa apẹja mẹ́ta ló ń dá yan nínú èéfín." Ó wo àpótí tó ń kùn náà, ó wo ìyàwó arákùnrin rẹ̀. "Bóyá ẹ̀yin tí ẹ kàwé lè sọ ohun tó fà á."

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Deborah mú Sewanu sọdá sí Gberefu, ó ní kó lọ kí ìyá rẹ̀ àgbà. Òun náà dúró tì í. Ìyá Ìbejì fún wọn ní oúnjẹ, ó fún wọn ní ẹní, kò bá Deborah sọ ju ohun tí ẹnu gbọ́dọ̀ sọ lọ. Ọmọ náà ń sáré lórí iyanrìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ikọ́ rẹ̀ ń dín kù títí tó fi lọ pátápátá.

Nígbà tí wọ́n padà délé tí Deborah ṣílẹ̀kùn pálọ̀, òórùn kópúrà kọ lù ú nímú, ó nípọn bó ṣe wà látijọ́, pẹ̀lú òórùn mímú yẹn lórí rẹ̀. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Zinsu wà nínú ilé, ó ń ka ìwé ìròyìn.

"Ṣé ẹ ò gbóòórùn kankan?" ó bi í.

"Òórùn kí?"

Ìgbà náà ló yé Deborah. Ẹ̀rọ náà kò lé òórùn kankan lọ. Imú wọn ló ń pa. Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, Sewanu ti tún bẹ̀rẹ̀ ikọ́.

Ó wọlé, ó pa ẹ̀rọ náà, ó ṣí gbogbo fèrèsé. Ó mú ọkọ rẹ̀ wọ yàrá, ó ṣí àpótí aṣọ, ó kó gbogbo ohun tó fi pa mọ́ síwájú rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Zinsu fi ìka tẹ táyà náà, ó fọ́ sí i lọ́wọ́.

"Mo gbọ́," ó ní. "Àmọ́ Mákánjú ti pe àwọn èèyàn ńlá sí ìfihàn tí a fẹ́ ṣe níbí. Wọ́n ń bọ̀ láti Ajido, wọ́n ń bọ̀ láti Ìwóró. Orúkọ mi ló fi pè wọ́n. Jẹ́ kí a ṣe ìyẹn tán, ká ta èyí tó wà nílẹ̀, a óò wá fọgbọ́n yọ ara wa."

"Bàbá Sewanu, Fàúsátù ń sùn tì í."

"A óò sọ fún un. Kì í ṣe nísinsìnyí."

Deborah gbà. Ẹ kọ ìyẹn náà sí i lọ́rùn. Ó gbà, ó sì dákẹ́ títí ọjọ́ ìfihàn fi pé.

Ọ̀sán gangan ni. Pálọ̀ kún. Àwọn ìyá ìjọ wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́jà ńláńlá wà níbẹ̀, baálẹ̀ kan láti Ìwóró jókòó sórí àga aláràǹbarà. Mákánjú ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń ṣàn. Ó ní kí Màdáámù Deborah wá jẹ́rìí sí ohun tí ẹ̀rọ náà ti ṣe nínú ilé òun.

Bí Deborah ṣe dìde, ilẹ̀kùn ṣí. Fàúsátù ló wọlé, àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin sì dì í lápá mú. Ó ti rù. Egungun ọrùn rẹ̀ ń yọ, ó sì ń fa èémí bí ẹni tó ń fa omi láti inú kànga jíjìn.

Kò wá jà. Ìyẹn ló pa Deborah lára jù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín," Fàúsátù ní. "Ìyá Sewanu, mo ń sùn tì í bí o ṣe sọ. Mo ń ti fèrèsé. Àyà náà ń le sí i. Ṣé kí n yí i sókè sí i ni?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Deborah. Mákánjú tètè rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá, ẹ yí i sókè. Màdáámù yóò ṣàlàyé."

"Pa á," Deborah ní. "Fàúsátù, pa á, jù ú nù. Òun ló ń ṣe ọ́."

Ẹ̀rọ ti pálọ̀ nìkan ló ń kùn. Deborah lọ síbi tó wà, ó fa wáyà rẹ̀ yọ, ìgò aláwọ̀ ọ̀run náà sì kú.

"Ó ti rẹ màdáámù," Mákánjú ní.

"Kò rẹ̀ mí."

"Deborah, jókòó," Zinsu ní.

"N kò ní jókòó, Bàbá Sewanu."

Ó wọ yàrá, ó gbé aṣọ tó ṣá, rọ́bà tó sán àti táyà tó là jáde, ó kó wọn sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà.

"Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wò ó. Bó ṣe ṣe rọ́bà nìyí. Ẹ bi ara yín bó ṣe máa ṣe ẹ̀dọ̀fóró ọmọ. Ọmọ tèmi wúkọ́ nínú pálọ̀ yìí, ikọ́ náà lọ nígbà tó kúrò, ó padà nígbà tó padà. Ìyá ọkọ mi wúkọ́ níbí, mo purọ́ mọ́ ọn pé èéfín rẹ̀ ni, mo fi lé e jáde. Kò sì pa òórùn kankan. Ẹ jáde síta fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tún wọlé, ẹ óò gbóòórùn kópúrà ọkọ mi."

"Ta ló sọ fún un?" Mákánjú ní. "Ṣé dókítà ni?"

"N kì í ṣe dókítà. Nígbà tí mò ń bá yín tà á, n kì í ṣe dókítà, ẹ ò sì bi mí."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì.

Fàúsátù kò tíì kúrò lójú kan. "Ìyá Sewanu. Lọ́jọ́ tí mo bi ọ́, ṣé o ti mọ̀?"

Ó lè sọ pé rárá. Ibẹ̀ ni ọ̀nà àbáyọ wà, ó ṣí sílẹ̀ gbagada.

"Ìyá ti ń wúkọ́ nígbà náà," Deborah ní. "Mo rí i. Mo purọ́ fún ọ."

Fàúsátù mi orí díẹ̀. "O mọ̀, o sì ní kí n ti fèrèsé," ó ní. Ó yí padà, àbúrò ọkọ rẹ̀ sì mú un jáde. Àwọn èèyàn tẹ̀ lé wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Baálẹ̀ Ìwóró ló jáde kẹ́yìn, ó sì rọra fọwọ́ kan táyà náà kó tó lọ.

Mákánjú ní òun máa pè é lẹ́jọ́ pé ó ba òun lórúkọ jẹ́. Deborah ní kó yára pè é, kí òun lè tún un sọ níwájú adájọ́. Mákánjú kó ẹrù rẹ̀, a kò sì rí i ní Badagry mọ́.

Zinsu kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ó ti sọ òun di ẹni yẹ̀yẹ́ nínú ilé ara òun. Ẹgbẹ́ gba iṣẹ́ akọ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ìyàwó tó tú àṣírí ọkọ níwájú àlejò kò yẹ ní ipò. Àwọn àgbà ìjọ pè é, wọ́n ní kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ẹni méjì ni mo jẹ ní àforíjì," ó sọ fún wọn. "Kò sí èyíkéyìí nínú wọn níbí."

Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Ara Fàúsátù yá díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣílẹ̀kùn fún Deborah. Deborah ń kí i láti ìta, ó sì ń lọ. Títí dòní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní Gberefu, ó kúnlẹ̀ fún Ìyá Ìbejì. Ìyá ní kó dìde, pé iyanrìn gbóná. Ó gba àforíjì rẹ̀. Nígbà tí Deborah ní kí wọ́n jọ padà sílé, ìyá mi orí.

"Ilé tí wọ́n ti sọ fún mi pé èmi ni òórùn ibẹ̀, n kò ní padà síbẹ̀. Máa mú ọmọ mi wá kí mi."

Deborah kò bẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbà pé ẹ̀tọ́ ìyá ni. Zinsu fúnra rẹ̀ ló ń fi ọkọ̀ gbé wọn sọdá nísinsìnyí, òun náà sì ti ń bá Deborah sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì gbà pé bó ṣe ṣe é dára.

Ìyàwó alága bi í ní ojú ọ̀nà lẹ́nu àìpẹ́ yìí pé, "Ìyá Sewanu, ká sọ tòótọ́, ṣé kì bá tí sàn kó o rọra bá ọkọ rẹ sọ ọ́ nínú yàrá?"

"Inú yàrá ni mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́," Deborah dá a lóhùn. "Inú yàrá ló sì kú sí."